Ẹni tí ó gbé àpótí kò gbọdọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání

Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Kánádà lọ sí ilẹ̀ Gánà láti wá ibi tí àwọn kọ̀ǹpútà tí òyìnbó ti lò tì ń gbẹ̀yìn sí. Wọ́n ra dísìkì àlòkù kan lọ́jà ní 40 dọ́là. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ni ìwé iṣẹ́ Northrop Grumman, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun àti ohun ìjà fún ìjọba Amẹ́ríkà. Àwọn àkọsílẹ̀ nípa iṣẹ́ tí ó gbà lọ́wọ́ ìjọba náà wà níbẹ̀ gbalaja. Kò sí ohun kan tí ó dí wọn lọ́wọ́ láti kà á. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní 40 dọ́là lápò ní ọjà náà ni ì bá kà á.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí wa. Kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Yúróòpù ti lò tì ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu pẹ̀lú, ó ń gba Àjàṣẹ́ kọjá, ó ń dé Kétu, ó ń dé Ṣábẹ̀ẹ́. Òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé tiwa náà ń rìnrìn àjò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bá gbó, a ó gbé e fún alátùn-únṣe, alátùn-únṣe yóò yọ dísìkì inú rẹ̀ tà, ẹni tí ó rà á yóò tún un tà. Bí a tilẹ̀ ti pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́ lójú ara wa, ohun tí ẹ̀rọ sábà ń pa rẹ́ kò ju orúkọ ìwé àti ọ̀nà tí ó lọ síbi rẹ̀. Ìwé fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀. Ọmọdé tí ó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè gbé e dìde.

Kí ni ó wà nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí? Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ ayánilówó kékeré kan ní Ṣábẹ̀ẹ́. Orúkọ àwọn obìnrin ọjà wà níbẹ̀, nọ́ńbà tẹlifóònù wọn, iye tí olúkúlùkù jẹ, ẹni tí ó dúró fún un, ọjọ́ tí kò rí owó san. Ẹ wo ilé ìwòsàn kan ní Kétu: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, oyún tí ó bàjẹ́, àrùn tí aláìsàn kò tíì ní ìgboyà láti sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ẹ wo ọ́fíìsì kan ní Àjàṣẹ́ tí ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ogún. Bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ bàbá kan ṣáájú ọjọ́ tí ó yẹ, ó lè dá ogun sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì. Gbèsè, àìsàn àti ilẹ̀ ni nǹkan mẹ́ta tí àwọn àgbà wa kì í sọ níta. Nísinsìnyí, gbogbo wọn ti wọ inú àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí olè lè fi sí àpò ṣòkòtò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀nà tí àwọn olówò àti àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ wa ń gbà ra ibi ìpamọ́ kò tọ̀nà mọ́. Bí wọ́n bá dé ìsọ̀, ìbéèrè méjì ni wọ́n ń béèrè: báwo ni àyè inú rẹ̀ ti pọ̀ tó, èló sì ni? Ìbéèrè kẹta tí ó yẹ kí ó jẹ́ èkínní kì í wáyé, ìyẹn ni: bí a bá jí i gbé lálẹ́ òní, ta ni yóò lè kà á? Mo sì fẹ́ fi ìbéèrè kan kún un tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà?

Ohun tí ń dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ìpàrokò. A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àrokò. Àwọn baba wa a máa fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, tí ìránṣẹ́ tí ó rù ú kò ní mọ ohun tí ó rù. Ìpàrokò inú ẹ̀rọ bá a mu ní apá kan: ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ẹyọ àmì tí kò nítumọ̀. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ ní apá kejì. Ẹni tí ó bá mọ àṣà lè tú àrokò àtijọ́, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó lè tú ti inú ẹ̀rọ.

Ìlànà tí ayé ń lò jù fún un lónìí ni èyí tí a ń pè ní AES. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ni wọ́n gbé e kalẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di ìlànà tirẹ̀ ní ọdún 2001. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àṣírí rárá. A tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ọlọ́gbọ́n ayé lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni àṣírí. Ní irú rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gùn jù, iye kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣeé ṣe jẹ́ nọ́ńbà tí a óò fi ẹyọ 78 kọ sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí yóò dán gbogbo wọn wò tán títí ayé. Nítorí náà, olè tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bá àgádágodo jà. Kọ́kọ́rọ́ ni yóò wá kiri.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí ni ó sì yẹ kí ó rọrùn fún wa jù, nítorí pé àwọn ìyá wa ti yanjú rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó wọ abúlé. Ẹ lọ wo àwọn ẹgbẹ́ àkójọ owó tí àwọn obìnrin ń ṣe káàkiri ilẹ̀ wa, irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r ní ọdún 1991, tí ó sì ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Àpótí onírin kan ni wọ́n ń kó owó sí. Àgádágodo mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀. Obìnrin kan ń gbé àpótí sílé. Àwọn mẹ́ta mìíràn ni wọ́n mú kọ́kọ́rọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan. Wọn kì í ṣí i àfi níwájú ẹgbẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n fura sí ẹni tí ó gbé àpótí, bí kò ṣe pé wọ́n fẹ́ kí ó lè sùn. Bí olè bá wọ ilé rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò sí níbẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń béèrè owó, kò lè ṣí i. Òfin wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹni tí ó gbé àpótí kò gbọdọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ dání, kọ́kọ́rọ́ kò sì gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Bí a bá fi òfin yìí wọn ohun tí àwọn oníṣòwò ń tà fún wa, a óò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò kún òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú dísìkì tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń pàrokò fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Radboud ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì yẹ irú dísìkì bẹ́ẹ̀ wò, lára èyí tí Samsung àti Crucial ṣe. Wọ́n rí i pé lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, ènìyàn lè ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láìmọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rárá. Àrokò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn tán tí ó fi kọ́kọ́rọ́ há ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé BitLocker, ohun èlò ìpàrokò inú Windows, a máa gba ọ̀rọ̀ irú dísìkì bẹ́ẹ̀ gbọ́ nígbà náà, kò sì ní pàrokò mìíràn lé e. Lẹ́yìn èyí ni Microsoft yí ìṣe náà padà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe gba ọ̀rọ̀ tí ó wà lára páálí gbọ́. Ìpàrokò tí ètò inú kọ̀ǹpútà ń ṣe, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yẹ̀ wò, ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé.

Èkejì ni àpótí ìpamọ́ tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò, èyí tí a ń gbé sí igun yàrá tí a sì so mọ́ Wi-Fi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè pàrokò dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń fún ẹni tí ó rà á ní ìrọ̀rùn kan: kí àpótí tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sínú ara rẹ̀, kí ó lè máa ṣí fúnra rẹ̀ bí a bá ti tàn án. Ìrọ̀rùn yìí dùn gan-an ní ìlú tí iná mànàmáná ń lọ tí ó ń bọ̀, nítorí pé bí kò bá sí i, ẹnì kan ní láti wá fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé. Mo mọ̀ pé ìnira ni. Síbẹ̀, olè kì í tú àpótí sílẹ̀ lórí tábìlì. Odindi rẹ̀ ni ó ń gbé lọ. Bí ó bá dé ilé rẹ̀ tí ó tàn án, àpótí yóò ṣí ara rẹ̀ fún un bí ó ti máa ń ṣí fún wa. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a ra bátìrì tí ń gba iná dúró, kí ẹ̀rọ má baà máa kú ní gbogbo ìgbà, kí a sì yan ènìyàn méjì tí wọn yóò máa ṣí i. Ìṣẹ́jú méjì ni ó máa ń gbà láti ṣí i.

Ẹ̀kẹta ni ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, àwọn olùtajà a máa sọ pé kí a fọkàn balẹ̀, ohun gbogbo ni àwọn ti pàrokò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, Amazon ń pàrokò gbogbo ohun tuntun tí a bá kó sí ibi ìpamọ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ S3, bí oníbàárà kò tilẹ̀ béèrè. Ìyẹn dára lórí ẹni tí ó bá jí dísìkì nínú ilé wọn. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà kò bá yan ọ̀nà mìíràn, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbé àpótí náà ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 sì fún ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ní agbára láti pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ náà kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn wá, ìbáà jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n kó o sí. N kò sọ pé kí a sá fún íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a pàrokò ìwé wa nínú ọ́fíìsì wa kí a tó fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Nígbà náà, ó di ìránṣẹ́ tí ó rù àrokò láìmọ ohun tí ó rù.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ ńlá kan nígbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àjọ tí ń ṣọ́ ọjà owó ní Amẹ́ríkà gba ìtanràn 35 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Morgan Stanley. Ohun tí ó fà á ni pé ilé-iṣẹ́ ìfowópamọ́ náà gbé iṣẹ́ kíkó ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó ti gbó dànù fún àwọn akẹ́rù tí kò mọ̀ nípa píparẹ́ àkọsílẹ̀. Wọ́n ta àwọn ẹ̀rọ náà, àwọn kan nínú wọn sì dé orí ìtàkùn títa ọjà ní gbàǹjo pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà kan nǹkan bí 15 mílíọ̀nù oníbàárà. Àjọ náà tún rí i pé sáfà 42 ni a kò mọ ibi tí wọ́n wọlé sí, pé àwọn ẹ̀rọ náà sì ní agbára láti pàrokò. Ilé-iṣẹ́ náà kò kàn tàn án ni, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ra àgádágodo, wọ́n gbé e kọ́ sára ilẹ̀kùn, wọn kò tì í. Àìní owó kọ́ ló fa èyí. Àìbìkítà kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà.

Ó kù kí a dáhùn àwọn tí ń ṣe iyèméjì, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹni tí ó ní owó kò sí kò tíì wo ohun tí ó ní lọ́wọ́. BitLocker wà nínú Windows Pro, FileVault wà nínú kọ̀ǹpútà Apple, LUKS wà nínú Linux, ọ̀fẹ́ sì ni VeraCrypt fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ẹ. Ẹni tí ó ní yóò mú kọ̀ǹpútà òun falẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ àná. Láti ọdún 2010 ni Intel ti ń fi agbára ṣíṣe AES sínú ẹ̀rọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà àlòkù tí a ń rà ní Kútọnu pàápàá sì sábà ní i. Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ni ẹni kẹta, tí ó ní: bí a bá sọ kọ́kọ́rọ́ nù ńkọ́?

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, kò sí alágbẹ̀dẹ tí yóò rọ òmíràn. Àkọsílẹ̀ náà ti lọ nìyẹn, bí ìgbà tí iná jó o. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí ó bá bínú kúrò níṣẹ́, tàbí tí ọlọ́jọ́ bá dé bá a, ó ti ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe àpótí alágádágodo mẹ́ta. Nígbà tí a bá tan BitLocker, yóò fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tí ó ní ẹyọ nọ́ńbà 48. Kí a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ẹ̀dà méjì. Kí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpòòwé, kí a lẹ̀ ẹ́ pa, kí ọ̀gá àti akápò fọwọ́ sí ojú ibi tí a lẹ̀. Kí ọ̀kan wà nínú àpótí irin ọ́fíìsì mìíràn, kí èkejì wà ní báńkì tàbí lọ́wọ́ àgbà ẹgbẹ́. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé a ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí a fi í ṣí ẹ̀rọ kan láti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tí ó ṣàjèjì nínú èyí fún ẹnikẹ́ni tí ó ti jókòó sí ìpàdé ẹgbẹ́ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìpàrokò ń wo gbogbo àrùn sàn. Bí ìlẹ̀kùn Àkàbà Ìdẹ̀nà ní Kétu bá ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án, ojú àwọn oníbodè ni ààbò tí ó kù. Bákan náà ni ẹ̀rọ tí a ti ṣí láàárọ̀: ẹni tí ó bá jókòó sídìí rẹ̀ lè ka ohun gbogbo. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó tún kù àwọn ọ̀daràn tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tiwọn ti ìwé ẹni pa, tí wọ́n sì ń béèrè owó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwọn tí ó ní àpótí ìpamọ́ QNAP ní ọdún 2022. Ìpàrokò tiwa kò dí wọn lọ́wọ́, nítorí pé a lè ti àpótí tí a ti tì pa lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀dà tí a pa mọ́ sí ibòmíràn, tí a kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, tí a sì pàrokò òun náà, ni yóò gbani lọ́jọ́ náà. Dísìkì méjì tí a ń gbà wọlé gbà jáde ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ti tó fún ilé-iṣẹ́ kékeré.

Òfin náà kò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, èyí tí a ń pè ní Code du numérique ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí ó bá ń kó àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn jọ pé kí ó dáàbò bò ó. APDP ni àjọ tí ń ṣọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Tógò, òfin 2019-014 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019 sọ ohun tí ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, ìbẹ̀rù ìtanràn kọ́ ni ó yẹ kí ó sún wa ṣe é. Obìnrin tí ó sọ àìsàn rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì ní Kétu kò sọ ọ́ fún dísìkì. Ènìyàn ni ó finú hàn, ènìyàn náà ni yóò sì dáhùn bí ọ̀rọ̀ bá dé ọjà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá ra ibi ìpamọ́ fún ilé-iṣẹ́ yín, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ gbé dání lọ sí ìsọ̀. Ǹjẹ́ ohun tí a bá kó sínú rẹ̀ yóò di àrokò láti ọjọ́ kìíní, láìjẹ́ pé ẹnì kan ní láti rántí? Ìlànà wo ni ó ń lò, ṣé èyí tí gbogbo ayé ti yẹ̀ wò ni, àbí èyí tí olùtajà nìkan mọ̀? Níbo ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé nígbà tí iná bá lọ? Bí èmi kò bá sí, ta ni yóò ṣí i? Bí olùtajà kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹta, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ lọ sí ìsọ̀ kejì. Ìbéèrè kẹrin kì í ṣe tirẹ̀ láti dáhùn. Ìpàdé ilé-iṣẹ́ yín ni yóò dáhùn rẹ̀, ó sì yẹ kí ó dáhùn rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.